Ọmọ Bẹ́rìn Méjìlélógún

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù

Lẹ́tà iléeṣẹ́ omi dé láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ọkọ mi kò lè di àpò ìwé mú kí ọ̀tún ya á, nítorí náà èmi ni mo ya á, èmi náà ni mo kà á sókè. Wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ Ẹtì, 12 Agẹmọ, ní aago mẹ́sàn-án, kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yípo àdúgbò tó ti máa ń ka mítà omi tẹ́lẹ̀, lójú èèyàn mẹ́ta. Bó bá ṣe é yọrí, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é. Bí kò bá ṣe é yọrí, wọ́n á dá a dúró "pẹ̀lú ọpẹ́ púpọ̀." Ó ní kí n tún ibi ọpẹ́ yẹn kà. Mo tún un kà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sí i rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n tilẹ̀ fi púpọ̀ kún un," ló wí.

Oṣù méjìdínlógún rèé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Nílẹ̀, bó bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, a ó jókòó sinmi. Orí kẹ̀kẹ́ ni ara rẹ̀ ti ń padà di tirẹ̀. Kí n ṣáà ti há bàtà òsì mọ́ pẹ́dà, kó dún kẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa wọ́ èkejì lọ, wọ́n á jọ máa yí. Bí kì í bá ṣe pẹ́dà tó ń di bàtà mú yẹn, èyí tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹsẹ̀ òsì á máa yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ.

Pẹ́dà òsì náà ló wá ń ké láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lónìí ó ń dún bí ẹni ń fi eyín rún yanrìn. Ìyípo mẹ́ta péré ló ṣe ní pápá iléèwé, ó ní ó ti tó.

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù

Mo gbé pẹ́dà náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sípóòkù, atúnkẹ̀kẹ́ṣe wa. Ó gùn, ó tín-ín-rín bí wáyà inú àgbá kẹ̀kẹ́, ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó tú u sórí ìwé ìròyìn. Ọmọ bẹ́rìn, àwọn irin róbótó tó ń jẹ́ kí pẹ́dà yí, tú jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju orí píìnì tí mo fi ń mú aṣọ lọ. Méjìlá ló yẹ kó wà lápá kan, méjìlá lápá kejì. Mẹ́rin ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, méjì ò sí mọ́ rárá, ojú àwọn tó kù sì ti di kòtò-kòtò.

Ọ̀gá Sípóòkù tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ìyá Aránṣọ, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń tú kẹ̀kẹ́. Ọmọ bẹ́rìn inú pẹ́dà tí mo mọ̀, ó máa ń tó ẹyọ ẹ̀wà. Hóró ata lèyí."

"Ṣé ẹ ò lè fi nǹkan mìíràn dí i?"

"Kí ni kí n fi dí i? Ìrẹsì?"

Ó bu gírísì tuntun sí i, ó dá àwọn tó kù padà, ó kọ̀ láti gbowó. Mo mọ̀ pé bí oníṣẹ́ bá ti kọ owó, kò sí ìrètí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdù

Ọ̀nà àwọn tó ń ta bẹ́rìn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàdínlógún ni mo wọ̀ nínú òjò wẹliwẹli. Bẹ́rìn tó tó ojú agogo ògiri wà, èyí tó tó ìdérí ìkòkò wà. Mo fi ẹyọ kan tí mo yọ sílẹ̀ lára àwọn ti pẹ́dà wa sínú ìdérí bírò, mò ń fi han wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yọjú wò ó.

"Màmá, ẹ̀gbà ọrùn lẹ fẹ́ fi ṣe ni, àbí yẹtí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí agbára àtibínú kò sí lára mi. Níkẹyìn òun náà ló fi irin ìwọ̀n rẹ̀ mú un, ó ní ó jẹ́ mìlímítà méjì àti díẹ̀, ó ti jẹ jù láti mọ iye tí díẹ̀ náà jẹ́. Ó kọ ọ́ sí mi lọ́wọ́. Òjò ti pa á rẹ́ kí n tó délé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdù

Ọkọ mi ló ní ká dán pẹ́dà lásán wò, èyí tí kì í di bàtà mú. Mo fi rọ́bà ìdí ṣòkòtò so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ìlọ́po mẹ́rin, mo sì rán an pa. Kò rìn jìnnà tó láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé ti aládùúgbò kí ẹsẹ̀ tó lọ́ yípo. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Bí mo ṣe ń gé rọ́bà náà ló ń sọ ọ́ sí mi létí:

"Ṣé mo ti di ẹran tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ ni?"

"Ìwọ lo ní kí n so ó!"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. N kò mọ ìgbà tí "ìwọ" jáde. Kò bá mi wí. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun mú omi wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

Òjò látàárọ̀. Aṣọ iléèwé mẹ́rìnlá ló wà lórí tábìlì tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Òwú tún ti wọ́n sí i.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Ọmọ wa obìnrin pè láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rí ọmọ bẹ́rìn lórí fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́. Mìlímítà méjì ààbọ̀.

"Ṣé òun náà ni, Màmá?"

Mo ní òun ni. Kí ni mo mọ̀? Díẹ̀ ni wọ́n wí fún mi, ààbọ̀ náà sì jẹ́ díẹ̀.

Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní òun ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, òun á sì yege. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ Àìkú, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdù

Mo gbé ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin tó ń bá a na iṣan fọwọ́ tẹ itan òsì rẹ̀, ó wò mí. Ó ní ẹran ara tó ti ń dìde ti tún ń wọlẹ̀. "Ṣé ẹ ti dá kẹ̀kẹ́ dúró ni?" Mo ṣàlàyé pẹ́dà. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi, bí ẹni tó ń ṣàwáwí níwájú tíṣà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù

Ó dé! Nínú ọ̀rá tín-ín-tín, ọgọ́rùn-ún ẹyọ, wọ́n ń dán bí ojú ẹja. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sípóòkù kí n tó rántí pé bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó tò wọ́n sínú gírísì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó ṣe ìkejìlá kọ̀. Ó fi ẹnu sípánà tì í wọlé.

"Ó le díẹ̀," ló wí. "Tuntun ni. Á rọ̀."

Mo fọwọ́ yí i, kò ké. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Òkúdù

Ìyípo kẹta ní pápá. Mo dúró lẹ́bàá òpó góòlù, mo ń kà á. Mo rí i tó kọjá, ojú rẹ̀ tú ká, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbàù kan, pẹ́dà dúró gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì dojú dé sápá òsì pẹ̀lú òun lórí rẹ̀. Bàtà kò já kúrò lára pẹ́dà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, inú ẹrẹ̀ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì há mọ́ ọn, ó lọ́ mọ́ abẹ́ irin. Mo ń fa bàtà, ọwọ́ mi ń yọ̀. Òjò ń bọ́. N kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé.

"Fi mí sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀, nínú omi. Mo jókòó ti í. A sinmi díẹ̀.

Kò sí eegun tó ṣẹ́. Ejìká rẹ̀ ti wú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Òkúdù

Ó ní kí n mú bébà wá. Ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́: pé òun dúpẹ́, pé ara òun kò lè gbé iṣẹ́ náà mọ́, pé kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú láti jókòó de òun ní ọjọ́ kejìlá. Ó ní kí n lọ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tó yẹ. "Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún wọn fún ọdún mọ́kànlélógún kì í jókòó nílé fi bírò kọ ìwé ìdágbére."

N kò jiyàn. Mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Òkúdù

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ fún. Nígbà tó ń sọ lẹ́tà náà, ara tù mí. Mo ní kò ní sí pápá mọ́, kò ní sí òwúrọ̀ kùtù tí mo ń fa bàtà wọ̀ ọ́, kò ní sí wíwá kiri. Ó ń sọ ohun tó ń pa á lọ́kàn, mo ń ronú pé n ó lè sùn di aago méje. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Òkúdù

Ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ ni ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣì ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ lẹ́tà fún èèyàn. Bàbá Onítáípù ni wọ́n ń pè é. Mo mú lẹ́tà wa dání. Nígbà tí mo wọlé, ó ti dojú ẹ̀rọ kan dé, ó ń fi ẹ̀mú ṣa nǹkan láti inú irin tó ń gbé bébà lọ gbé e bọ̀, ó ń kó wọn sínú ìdérí agolo. Wọ́n ń dún ṣín, ṣín, ṣín.

Mo dúró. Mo wo inú ìdérí náà.

"Ẹ jókòó, ìyáàfin. Kí lẹ fẹ́ tẹ̀?"

"Bàbá, kí lẹ̀ ń kó sínú ibẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ bẹ́rìn. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí máa sáré. Nígbà tó ṣì ń sáré."

Ìdérí bírò mi ṣì wà nísàlẹ̀ báàgì, ẹyọ kan ṣoṣo ṣì wà nínú rẹ̀, lára àwọn tí ojú wọn kò tíì bàjẹ́ púpọ̀. Mo dà á sí i lọ́wọ́. Ó wo ojú mi kó tó wo nǹkan náà. Ó wọ gíláàsì rẹ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, ó mú irin ìwọ̀n, ó wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ti mìlímítà méjì ààbọ̀ fún un, àti bí ọkọ mi ṣe ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó mi orí.

"Ẹ̀yin ra ti mìlímítà. Ti ìnṣì lèyí. Ẹ kó wọn síbi kan náà, wọ́n á dà bí ìbejì lójú yín, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé inú ilé kan náà."

Ó gbé agolo mẹ́rin sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ọ̀sán pọ́n, ọ̀sán rọ̀, ó ń wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà méjì wá, ó ní kí wọ́n lọ padà wá. Èyí tó bá fi irun kan tóbi jù, á ní "Rárá, ìwọ kọ́," á sì jù ú nù bí ẹni ń lé adìyẹ. Nígbà tó parí, méjìlélógún ló bá ìwọ̀n mu.

"Mẹ́rìnlélógún la nílò, Bàbá."

"Ohun tó wà nìyẹn. Bí mo bá fi méjì tí kò bá a mu kún un, ọkọ yín á tún padà sínú ẹrẹ̀."

Mo bi í ní iye tí n ó san. Ó nawọ́ sí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́ta tó kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Òrùlé rẹ̀ ń jò. Aṣọ tó fi bò wọ́n ti gbó di àwọ̀n.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní mò ń ránṣọ.

"Kí la tún ń sọ?"

Mo délé kí n tó rántí pé n kò tẹ lẹ́tà náà.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdù

Mo fi tapólì eléérú rán ìbora mẹ́ta, mo fi ìlà pupa yí etí wọn ká, èyí tí Bàbá Onítáípù kò bèèrè. Ó gbé e bo ẹ̀rọ kan, ó ṣí i, ó tún gbé e bò ó. "Ó bá ara rẹ̀ mu bíi kóòtù," ló wí. Ó di ọmọ bẹ́rìn mi sínú bébà, ó ká a lọ́nà mẹ́fà.

Aṣọ iléèwé kò kúrò lójú kan. Ìyá ọmọ kan ti wá pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ó jàre.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Òkúdù

Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Sípóòkù wá sílé, n kò fẹ́ kí a tú u lójú títì tí ohun kan á fi bọ́ sínú gọ́tà. Ó wá tòun ti àpótí irinṣẹ́. Kò kọ́kọ́ wo ojú ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo fi sípánà ti ìkejìlá wọlé, ó yẹ kí n ti mọ̀."

"Ṣé ìwọ lo gùn ún ni?" ọkọ mi dá a lóhùn. "Jókòó."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi méjì kún un nínú àwọn àtijọ́ kó lè pé. Ọ̀gá Sípóòkù ní rárá o. Ó ní nínú àgbá kẹ̀kẹ́, bí ọmọ bẹ́rìn bá kún dí, ńṣe ni wọ́n ń ha ara wọn. Kí a fi mọ́kànlá sápá kan, mọ́kànlá sápá kejì, kí àyè ẹyọ kan ṣẹ́kù kí wọ́n lè máa rìn. "Ìyá Aránṣọ, méjìlélógún yín pé. Ó tilẹ̀ dáa ju mẹ́rìnlélógún lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi jù, nítorí náà èmi ni mo tò ó. Mo ti abẹ́rẹ́ bọ gírísì, ọmọ bẹ́rìn á lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, n ó gbé e síbi tó yẹ. Apá kìíní pé. Apá kejì, mo ti dé orí ẹ̀kẹsàn-án nígbà tí oníbàárà kan gbá ilẹ̀kùn pé òun wá gba aṣọ. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹyọ tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ já bọ́. Mo gbọ́ ọ tó fò lórí sìmẹ́ńtì, ṣín, ṣín, ó sì dákẹ́.

Mo fi òòfà tí mo fi ń ṣa píìnì wọ́ gbogbo ilẹ̀. Píìnì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ méjì, ìkọ́ ṣòkòtò. Ọ̀gá Sípóòkù gbé tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí níbẹ̀. Mo jókòó sórí ìdì aṣọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, lórí ohun tí kò tó orí píìnì.

Ọkọ mi ti sọ̀kalẹ̀ lórí àga. N kò rí i nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lé sìmẹ́ńtì, ó di ojú kan, ó sì ń wo ilẹ̀ lọ gbọọrọ bí ẹni tó ń wo etí òkun.

"Ẹ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi."

A kúrò.

"Ó wà lábẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn, lápá òsì. Òwú funfun kan ló wé mọ́ ọn."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wo nọ́ńbà kéékèèké ojú mítà nínú ihò òkùnkùn, lábẹ́ omi, lábẹ́ aláǹtakùn. Ó ní kí a má tíì gbé òun dìde, kí a jẹ́ kí òun jayé òun. Ẹ̀rín tó rín, n kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Òkúdù

Bí mo ṣe ń pa omi gbígbóná sí ejìká rẹ̀, mo sọ ọ́.

"Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n kọ lẹ́tà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹ ṣeun lo wí. O ò jà. Ìwọ tó ń bá mi jà lórí iyọ̀." Ó yí ejìká sí mi. "Èmi náà rí i pé ó rẹ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Mo fún aṣọ náà, mo tún un rì bọ omi.

"Lẹ́tà náà dà?" ló bèèrè.

"Inú báàgì mi."

"Fi í síbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 1 Agẹmọ

Ìyípo márùn-ún. Kò ké.

Ọjọ́rú, 3 Agẹmọ

Ìyípo mẹ́sàn-án. Ọ̀gá Sípóòkù tú ìdè pẹ́dà kó rọ̀ díẹ̀. Nísinsìnyí bí ọkọ mi bá ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti orúnkún òsì sínú, gìgísẹ̀ á yí síta, bàtà á sì já fúnra rẹ̀. Ó ṣe é nígbà ogún. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, sórí koríko. Ó ní kí n má sáré wá mọ́, kí n dúró síbi òpó mi.

Dídúró yẹn le ju sísáré lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Agẹmọ

Aṣọ iléèwé mẹ́rìnlá ti tán. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Agẹmọ

Ó fá irùngbọ̀n fúnra rẹ̀. Ó gé ara rẹ̀ níbi méjì, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Agẹmọ

Èèyàn mẹ́ta: ọ̀gá obìnrin kan tó wọ bàtà tí kò bá ẹrẹ̀ mu, dókítà iléeṣẹ́, akọ̀wé kan tó mú agboòrùn dání. Ọ̀gá náà ní kí èmi dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gbé àga fún mi. Ó mọ ọkọ mi tẹ́lẹ̀. "Òun ló máa ń bú mítà wa," ló wí, "tó bá rí i pé ó ń parọ́." Wákàtí kan kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ọkọ̀ náà padà dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wọn.

N kò mọ bí mo ṣe dé ojú fèrèsé ọkọ̀. Mo ń gbá a.

"Ọkọ mi dà? Ẹ ní kí n dúró, mo dúró. Ọkọ mi dà?"

Dókítà sọ fèrèsé kalẹ̀. "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ó ní kí a máa lọ. Ilé kan ló kù ní ìsàlẹ̀ tí onílé rẹ̀ jáde. A ní kó fi í sílẹ̀, kó fojú díwọ̀n mítà rẹ̀ bí gbogbo àwọn tó ń ka mítà ṣe ń ṣe. Ó ní òun ń dúró de onílé."

"Nínú òjò yìí?"

"Nínú òjò yìí," ọ̀gá obìnrin náà dáhùn. N kò lè ka ojú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó wá yọ ní orígun, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ méjèèjì ń yí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń tẹ̀ lé e. Kò sí ohun kan tó ń dún àfi òjò. Ó dé iwájú wọn, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀, ó ti orúnkún, bàtà já. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń wò. Ó yọ ìwé kékeré láti inú ọ̀rá lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó nà án sí ọ̀gá náà.

"Ẹ pẹ́ o," ọ̀gá náà wí. "Àwọn yòókù ń lo ìlàjì àkókò yìí."

"Mo pẹ́, Mà. Ṣùgbọ́n mítà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí mo fojú díwọ̀n."

Ọ̀gá náà ṣí ìwé yẹn lójú ẹsẹ̀, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú òjò, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Agẹmọ

Kò sí ìròyìn. Ọkọ mi ń yẹ ẹnu ọ̀nà wò bí aláboyún tó ń retí agbẹ̀bí.

Ọjọ́rú, 17 Agẹmọ

Lẹ́tà dé. Òun ló fi eyín ya á. Wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀: ìdajì àdúgbò tó ń kà tẹ́lẹ̀, ìdajì owó oṣù, wọ́n á tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó kà á fún mi tán, ó ní, "Kò sí ọpẹ́ níbẹ̀ rárá." Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ní kí n bá òun jà lórí nǹkan kan.

Ìdajì. Oṣù mẹ́ta. Mo ti ń ronú ohun tí a ó ṣe bí ọmọ bẹ́rìn bá tún jẹ. Mo pa ọkàn mi lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Agẹmọ

Ó jáde ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo há bàtà fún un, ó ní kí n wọlé, pé àwọn aládùúgbò ń wò. Mo wọlé, mo yọjú láti ojú fèrèsé, ó mọ̀ pé mò ń yọjú, kò bojú wẹ̀yìn.

Ilé dákẹ́. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, n kò tíì dá wà nínú rẹ̀ rí. Mo gbé aṣọ kan lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo gbé e kúrò. Mo ní kí n gbálẹ̀, ilẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ lójú fèrèsé, kí n lè fi mọ ohun tó máa ń wò níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀: ògiri, okùn aṣọ, ológbò ẹnìkan.

Kíkan ilẹ̀kùn ló jí mi. Oòrùn ti dé àárín ojú ọ̀run, ìka mi kan ṣì wà nínú ìdérí ìka tí mo fi ń ti abẹ́rẹ́. Obìnrin kan ló wà níta, ó ní òun wá wọn aṣọ, pé òun ti kanlẹ̀kùn títí.

Mo ní kó jọ̀wọ́ padà wá lọ́la. Mo ti ilẹ̀kùn, mo padà sórí àga, mo sì sùn.